Òmìnira tí a fi àṣẹ gbé kalẹ̀

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2003, Paul Bremer, tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ṣe alákòóso Iraq lẹ́yìn tí wọ́n lé Saddam Hussein kúrò lórí oyè, buwọ́ lu àṣẹ kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 39. Àṣẹ náà fàyè gba àjèjì láti dá ilé-iṣẹ́ ní ní Iraq láìsí ọmọ ilẹ̀ kankan tó bá a pín in, àfi ní ti epo rọ̀bì àti àwọn ohun àlùmọ́nì mìíràn tó wà nínú ilẹ̀, ó sì fàyè gbà á láti kó gbogbo èrè rẹ̀ jáde nígbà tó bá wù ú. Àṣẹ mìíràn tó jáde ní àkókò kan náà sọ pé owó orí tó ga jù lọ, ì báà jẹ́ ti ẹnì kan tàbí ti ilé-iṣẹ́, kò gbọdọ̀ ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Kó tó dìgbà náà, láti oṣù kẹfà, wọ́n ti dá owó ibodè dúró. Bí a bá ní kí àwọn tí wọ́n fẹ́ràn òwò òmìnira jókòó kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí ọkàn wọn ń fẹ́ sínú ìwé, bóyá ni ìwé wọn ì bá fi yàtọ̀ sí èyí. Síbẹ̀, kò sí ilé ìgbìmọ̀ tí ará ìlú dìbò yàn tó jíròrò lé e lórí, ẹni tó sì buwọ́ lù ú kò gbọ́ èdè Lárúbáwá.

Àwọn àṣẹ wọ̀nyí ni ọkàn mi máa ń padà sí nígbàkigbà tí mo bá ń ka ohun tí àwọn libertarian ń kọ nípa ogun ilẹ̀ òkèèrè. Mo ti ń kà wọ́n pẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé òmìnira ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ṣáájú ohun gbogbo, pé kí ìjọba dáàbò bo ẹ̀mí àti ohun ìní kó sì dákẹ́ síbẹ̀, àti pé ohun tí ènìyàn lè fi ìfẹ́ inú ṣe láàárín ara wọn, nípa rírà àti títà tàbí nípa ẹgbẹ́ tí wọ́n bá dá sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi ipá ṣe é fún wọn. Láti orí ìgbàgbọ́ yìí ni púpọ̀ nínú wọn ti ń sọ pé orílẹ̀-èdè kan kò gbọdọ̀ rán ọmọ ogun lọ tún ilẹ̀ ẹlòmíràn tò. Ohun tí èmi rí ni pé wọ́n jàre lórí ọ̀ràn Iraq, ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n fi jàre kò yẹ kó fi àwọn fúnra wọn lọ́kàn balẹ̀.

Kì í ṣe pé ohùn wọn ṣọ̀kan. Ron Paul, dókítà agbẹ̀bí láti Texas tó di aṣòfin, dìbò lòdì sí ogun náà ní oṣù kẹwàá ọdún 2002. Mẹ́fà péré nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Republican ní ilé aṣojú-ṣòfin ló ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní Cato Institute, ilé ìwádìí wọn ní Washington, ti ń kìlọ̀ kí ìbọn tó dún. Àmọ́ Randy Barnett, ọ̀jọ̀gbọ́n òfin tí gbogbo wọn mọ̀ sí tiwọn, kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn ní 2007 láti ṣàlàyé pé ènìyàn lè jẹ́ libertarian kó sì ti ogun Iraq lẹ́yìn. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti ilé Milton Friedman, onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó gbajúmọ̀ láàárín wọn: nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan ní 2006, ọdún tó kú gan-an, ó ní òun kò fara mọ́ ogun náà láti ìbẹ̀rẹ̀, Rose ìyàwó rẹ̀ tó jókòó tì í, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ ọrọ̀ ajé, sì ní òun fara mọ́ ọn. Ẹgbẹ́ tó bá lè fa tọkọtaya báyìí sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó yẹ kí a fi sùúrù gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Àwọn ìdí kan wà tí n kò ní pẹ́ lórí wọn. Wọ́n ní owó orí tí a fi ipá gbà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kan ní Ohio, ní Amẹ́ríkà, kò yẹ kó kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ní Basra, ní Iraq, ì báà jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ tó dára. Wọ́n tún ní ogun máa ń sọ ìjọba di ńlá, tí kì í sì í padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀: ní 1943, nítorí ogun, ni ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó orí lára owó oṣù kó tó dé ọwọ́ òṣìṣẹ́, ogun náà sì ti parí láti 1945, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń yọ ọ́ di òní olónìí. Òtítọ́ ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ará Baghdad ti ibẹ̀ bínú owó orí ará Ohio bí? Ìdí kan wà tó kan ará Baghdad gan-an, òun ni mo fẹ́ dúró lé lórí.

Friedrich Hayek, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, kọ àpilẹ̀kọ kan ní 1945 láti fi hàn pé ìmọ̀ tí ọrọ̀ ajé fi ń rìn kò sí ní ojú kan tí ẹnì kan lè kó o jọ. Ó wà káàkiri lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, díẹ̀ díẹ̀, ní ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ lè fi ẹnu ṣàlàyé. Àwọn tó ń ṣètò láti olú-ìlú ló ń bá wí, ní orílẹ̀-èdè tiwọn. Nígbà tó di ọ̀rọ̀ àtúnkọ́ lẹ́yìn ogun, àwọn tó tẹ̀lé e, irú bí Christopher Coyne ti yunifásítì George Mason, kàn béèrè pé: bí ẹni tí wọ́n bí sí ìlú kò bá lè mọ gbogbo ohun tó yẹ kó mọ̀ kó tó ṣètò rẹ̀, báwo ni ẹni tó fi bàálù dé lánàá yóò ṣe mọ̀ ọ́n? Àwọn bàbá wa ti ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Ẹ jẹ́ kí n mú ibì kan. Ní Al-Fatah, ní àríwá Iraq, àwọn páìpù epo tó ń bọ̀ láti Kirkuk máa ń gba orí afárá kọjá odò Tigris. Nígbà ogun 2003, bọ́ǹbù Amẹ́ríkà já afárá náà, àwọn páìpù sì já pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tó di àkókò àtúnṣe, wọ́n pinnu pé àwọn kò ní gba orí odò mọ́, pé abẹ́ rẹ̀ ni àwọn yóò gbẹ́ gbà, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún KBR, ilé-iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe Amẹ́ríkà. Ìwádìí tí wọ́n fúnra wọn ṣe lórí ilẹ̀ ibẹ̀ ti kìlọ̀ fún wọn: ilẹ̀ tó ti fọ́ yángá ni, tí òkúta wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀, tí ihò tí a bá gbẹ́ kò ní dúró. Wọ́n gbẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ihò ń wó, irinṣẹ́ ń há, oṣù ń lọ, títí owó fi tán, nǹkan bí 75 mílíọ̀nù dọ́là, tí epo kankan kò sì gba abẹ́ odò kọjá. Ní gbogbo àkókò yẹn, epo tí ì bá máa mú owó wọlé fún Iraq dúró sí òdìkejì odò. Ohun tó yẹ kí a kíyè sí ni pé ìmọ̀ náà kò ṣọ̀wọ́n, ó wà nínú ìwé lórí tábìlì wọn. Ohun tí kò sí ni ẹni tí àṣìṣe náà yóò dùn tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi ka ìwé náà kó sì gbà á gbọ́. Níbí yìí, mo rò pé àlàyé Hayek nìkan kò tó.

Bákan náà ni ti àṣẹ nọ́ńbà 2, tí Bremer fi tú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Iraq ká ní oṣù karùn-ún ọdún 2003, kò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì ní Baghdad. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ọkùnrin tó mọ ìbọn yìn, tí wọ́n ní ìyàwó àti ọmọ, pàdánù owó oṣù wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó fi máa pinnu láti fún wọn ní owó díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìbínú ti gba ìgboro. Kò sí alága àdúgbò kan ní Mosul tí kò lè sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá bi í.

Ti owó ńkọ́? Láàárín 2003 sí 2004, wọ́n kó nǹkan bí bílíọ̀nù 12 dọ́là lówó bébà sínú bàálù láti New York lọ sí Baghdad, tí wọ́n dì bí ẹrù ọjà. Owó Iraq fúnra rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, owó epo tí wọ́n ti tà. Nígbà tí ọ́fíìsì tí Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ láti yẹ ìwé owó àtúnkọ́ náà wò gbé àbọ̀ jáde ní 2005, ó ní bílíọ̀nù 8.8 dọ́là ni àwọn alákòóso kò ní ẹ̀rí tó péye láti fi hàn bí wọ́n ṣe ná an. Ọ́fíìsì kan náà ló padà ṣírò rẹ̀ ní 2013 pé owó Amẹ́ríkà tó bá àtúnkọ́ Iraq lọ jẹ́ nǹkan bí bílíọ̀nù 60, tí ó kéré tán bílíọ̀nù 8 nínú rẹ̀ ṣòfò. Ọgbà ẹ̀wọ̀n kan wà ní Khan Bani Saad tí wọ́n ná nǹkan bí 40 mílíọ̀nù lé lórí kí wọ́n tó pa á tì láìparí. Àwa ọmọ Nàìjíríà kò nílò kí ẹnikẹ́ni júwe irú ilé bẹ́ẹ̀ fún wa, nítorí a mọ agbaṣẹ́ṣe tó gba owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí a kò fojú kàn mọ́. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé bí ó ti wù kó rí, a lè fi ìbò bínú sí gómìnà tiwa, kódà bí ìbò náà bá mẹ́hẹ. Ta ni ará Fallujah yóò fi ìbò bínú sí? Ẹni tó ń náwó náà ń jíhìn fún Washington, Washington ń jíhìn fún Ohio, Ohio kò sì lè rí Fallujah.

Àwọn kan máa ń bọ̀ láti apá òsì, wọn a ní: ṣé ẹ rí i, ọjà òmìnira yín nìyẹn, àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà bí Halliburton àti Bechtel ló jẹ ẹ́. N kò gbà pẹ̀lú wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn iṣẹ́ náà ni wọ́n gbé jáde lọ́nà pé iye yòówù tí agbaṣẹ́ṣe bá ná, ìjọba yóò san án padà, yóò sì fi èrè lé e. Òǹtajà tí èrè rẹ̀ ń pọ̀ sí i bí ọjà rẹ̀ ṣe ń wọ́n tó, tí ẹni tó ń ra ọjà náà kì í ṣe ẹni tí yóò lò ó, kò sí lọ́jà. Ìsàlẹ̀ ìjọba ló jókòó sí.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí ọjà ní Iraq lẹ́yìn ogun, kó wo ọ̀rọ̀ iná mànàmáná. Lábẹ́ Saddam, Baghdad ní iná dáadáa nítorí pé wọ́n ń fi ti àwọn ìgbèríko dù wọ́n. Lẹ́yìn ogun, iná ìjọba di ti wákàtí mélòó kan lóòjọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bílíọ̀nù dọ́là ń wọlé sí i. Àwọn tó gba ìlú sílẹ̀ ni àwọn ọkùnrin tó ra jẹnẹrétọ̀ ńlá, tí wọ́n gbé e sí ìkóríta, tí wọ́n fa wáyà lọ sí ilé kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń ta iná fún àdúgbò ní iye ampere tí olúkúlùkù bá lè san lóṣù. Ẹni tó ní fíríìjì nìkan ra díẹ̀, ẹni tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ra púpọ̀. Kò sí àṣẹ Bremer kankan tó dá òwò yìí sílẹ̀. Èéfín rẹ̀ kò dára, ariwo rẹ̀ ń dá oorun lójú, ìjọba náà sì padà ń fún wọn ní epo dísù olówó pọ́ọ́kú, nítorí náà kí àwọn libertarian má tíì jó jù. Ṣùgbọ́n bí iná bá kú, oníbàárà mọ ilé ẹni tí yóò lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ohun tí mo ń bọ̀ wá sọ nípa àṣẹ nọ́ńbà 39 rèé. Bí olúwo àwọn libertarian bá sọ pé àìmọ̀ àti àìjíhìn ló ba àtúnkọ́ jẹ́, kò lè yọ àwọn àṣẹ tó bá ìfẹ́ tirẹ̀ mu sílẹ̀. Owó orí ìdá 15 lè dára, owó ibodè tí kò sí lè dára, ṣùgbọ́n ní ọwọ́ ẹni tí ará ìlú kò yàn, tí wọn kò sì lè yọ, àṣẹ lásán ni. Ìjọba tó dé lẹ́yìn rẹ̀ lè pa á rẹ́, ilé-iṣẹ́ òkèèrè sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn tó kó owó wọn wá nígbà náà kò fi tó nǹkan, yàtọ̀ sí ti ìbọn tó ń dún. Àwọn ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì àti ti aṣọ tó jẹ́ ti ìjọba Iraq ń kógbá wọlé, ọjà òkèèrè ń wọlé láìsan kọ́bọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn sì gbà pé ohun tí wọ́n ń pè ní òmìnira ọjà jẹ́ ọ̀kan nínú ohun ìjà ogun. Èrò yẹn ṣòro láti yọ kúrò lọ́kàn wọn.

Wọn a wá mú Jámánì jáde. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kí Amẹ́ríkà tún ilẹ̀ kan kọ́ ló máa ń mú Jámánì jáde, àwọn libertarian náà sì ní èsì tí wọ́n máa ń fọ̀ fún wọn. Wọ́n ní Marshall Plan, owó ìrànlọ́wọ́ tí Amẹ́ríkà fún Yúróòpù lẹ́yìn ogun, nǹkan bí bílíọ̀nù 13 dọ́là láti 1948, kọ́ ló jí Jámánì dìde, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì gbà ju ìlọ́po méjì ohun tí Jámánì gbà lọ, Jámánì ló sì sáré jù. Wọ́n ní Ludwig Erhard, tó ń darí ọrọ̀ ajé láti Frankfurt, ló jí i dìde, nígbà tó mú òfin iye owó ọjà kúrò lórí ọ̀pọ̀ nǹkan ní oṣù kẹfà ọdún 1948, tí ọjà tí àwọn òǹtajà ti kó pamọ́ sì yọ sí orí àtẹ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n wọ́n gé e kúrú. Owó ìná tuntun tí ọjà náà fi yọ, àwọn ológun tó gba Jámánì ni wọ́n gbé e jáde, Amẹ́ríkà ni wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́. Ọmọ ogun wọn ló ń ṣọ́ ibodè. Ní 1953, ní London, àwọn olówó gbà láti fa nǹkan bí ìdajì gbèsè Jámánì ya. Ẹni tó bá ní ìrànlọ́wọ́ òkèèrè kò ṣe nǹkankan níbẹ̀ ń tan ara rẹ̀. Ohun tí mo rí fà yọ nínú ti Erhard yàtọ̀ sí tiwọn: ọmọ Jámánì ni, ó bá wọn sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní èdè wọn, ní 1949 ìdìbò sì dé, wọ́n lè lé ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ bí wọ́n bá fẹ́. Ara wọn ni wọ́n fi àtúnṣe náà sí. Láàárín ìṣípayá ọjà ní Frankfurt àti ti Baghdad, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò sí nínú ohun tí òfin sọ. Afghanistan kàn fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni: nǹkan bí bílíọ̀nù 145 dọ́là, ogún ọdún, lẹ́yìn náà ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 2021, tí Taliban padà gba Kabul.

Ibi tí mo ti ń bá wọn jà ni Rwanda. Ní 1994, nǹkan bí 800,000 ènìyàn kú láàárín nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọjọ́, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sì dín àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kù nígbà tí ìpakúpa ń lọ lọ́wọ́. Mo ti ka èsì àwọn kan pé kí ẹni tó bá fẹ́ ṣèrànwọ́ fi owó àti ara rẹ̀ lọ. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ẹni tí wọ́n ń lé pẹ̀lú àdá nínú irà kò lè dúró de ẹgbẹ́ olùfìfẹ́ṣe. Mo gbà pé ó ṣeé ṣe kí a wá láti dá ọwọ́ apànìyàn dúró, kí a sì lọ, láìjẹ́ pé a ń kọ òfin owó orí fún ìlú náà. Òtítọ́ ni pé àwọn ọmọ Rwanda fúnra wọn, àwọn ọmọ ogun ọlọ̀tẹ̀ RPF, ló dá a dúró nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n n kò lè fi ìyẹn tu ara mi nínú.

Ṣé àwọn tó wá ṣe díẹ̀ máa ń lọ? Ọ̀rọ̀ ilé tiwa wà nínú èyí, ó sì kan àwọn bàbá ńlá èrò libertarian gan-an. Ní oṣù kẹfà ọdún 1850, Richard Cobden, olórí àwọn tó ń jà fún òwò òmìnira ní Gẹ̀ẹ́sì, dìde nínú ilé aṣòfin láti tako Lord Palmerston, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, lórí bó ṣe ń fi ọkọ̀ ogun yanjú ọ̀ràn àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Palmerston ló borí. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Àjàyí Crowther wà ní London, ó bá Palmerston sọ̀rọ̀ nípa òwò ẹrú àti nípa Èkó. Ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún 1851 àgbá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dún sí Èkó, ní ogun tí a ń pè ní Ogun Àgídìngbì. Kòsọ́kọ́, ọba Èkó, sá lọ, wọ́n dá Akítóyè padà sórí oyè, ó sì buwọ́ lu ìwé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1852 pé òun kò ní ta ẹrú mọ́. Mo mọ ohun tí òwò ẹrú ṣe sí wa, n kò sì lè sọ pé kí àgbá yẹn má dún. Ṣùgbọ́n kọ́ńsù, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, dé lẹ́yìn àgbá, àwọn oníṣòwò dé lẹ́yìn kọ́ńsù, nígbà tó sì di ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861, Dòsùmú ọmọ Akítóyè, tí ọkọ̀ ogun kan ń dúró dè é lórí ọ̀sà, fi Èkó lé wọn lọ́wọ́. Ohun tí Cobden ń bẹ̀rù ṣẹlẹ̀ gan-an, ohun tí Crowther ń fẹ́ náà sì ṣẹlẹ̀. N kò tíì rí libertarian kan tó gbé àwọn méjèèjì sí orí òṣùwọ̀n kan náà.

Apá kan nínú ẹ̀kọ́ wọn wà tí ì bá dáhùn díẹ̀ nínú ìbéèrè Rwanda, òun náà ni púpọ̀ nínú àwọn olóṣèlú wọn kì í fẹ́ dárúkọ. Àwọn tí wọ́n dúró gbọn-in nínú wọn sọ pé bí a kò bá ní rán ọmọ ogun lọ bá àwọn tí ìyà ń jẹ, kí a ṣí ilẹ̀kùn kí wọ́n lè máa bọ̀, kí wọ́n yá ilé, kí wọ́n wá iṣẹ́, kí ẹni tó bá fẹ́ gbà wọ́n gbà wọ́n. Ó bá ìyókù ìgbàgbọ́ wọn mu. Ní ọdún ìṣúná tó parí ní oṣù kẹsàn-án 2007, nígbà tí nǹkan bí mílíọ̀nù méjì ará Iraq ti sá jáde kúrò nílẹ̀ wọn, ogunléndé Iraq tí Amẹ́ríkà gbà wọlé jẹ́ 1,608. Ìlú kan tó ń jẹ́ Södertälje, lẹ́bàá Stockholm ní Sweden, orílẹ̀-èdè tí kò rán ọmọ ogun kankan lọ sí ogun náà, ń gba ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún, débi pé olórí ìlú náà lọ sí Washington ní 2008 láti sọ fún àwọn aṣòfin pé ẹrù náà ti ń wúwo jù fún àwọn. Ní ọdún yẹn kan náà ni Ron Paul ń díje fún ipò ààrẹ, tí ń sọ níbi gbogbo pé kí àwọn ọmọ ogun padà wálé lọ́gán. Lórí ibodè, ohun tó ń sọ ni pé kí wọ́n ṣọ́ ọ dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.